Bàbá Mítà àti Máṣíìnì Rẹ̀ Tó Ń Jò

Iṣẹ́ mítà ni bàbá mi ṣe. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn, tó ń ka iye iná tí oníkálukú lò. Kì í gba owó, kì í já wáyà ẹnikẹ́ni. Nọ́ńbà ló ń kà. Síbẹ̀ àwọn kan ń sá fún un bí ẹni pé ó mú ẹ̀wọ̀n dání. Obìnrin kan wà ní òpópónà kejì sí tiwa tó máa ń rán ọmọ rẹ̀ sẹ́nu géètì.

"Màámi ní kí n sọ fún yín pé àwọn ò sí nílé."

"Ó dáa. Ṣé mítà wà nílé? Òun ni mo wá rí."

Ọmọ á ṣílẹ̀kùn. Bàbá mi á wọlé, á ka mítà, á kí ìyá tí kò sí nílé láti ojú fèrèsé, á bá tirẹ̀ lọ.

Bàbá Mítà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Àwọn ajá gan-an mọ̀ ọ́n. Ajá tó ń gbó àlejò títí ohùn rẹ̀ á fi há, bó bá ti gbúròó alùpùpù bàbá mi, á kàn gbé etí kan sókè, á tún sùn padà.

Alùpùpù náà dàgbà jù mí lọ. Wọ́n ti ń gùn ún kí bàbá mi tó fẹ́ Màámi. Tànkì rẹ̀ ti fìgbà kan pupa. Ibi tí orúnkún bàbá mi ń kàn ti hó, ó ti di irin lásán. Iná iwájú rẹ̀ róbótó, ó tóbi bí àwo. Ilé iṣẹ́ ló kọ́kọ́ ni ín. Nígbà tí wọ́n kó tuntun dé, bàbá mi ò gba tuntun. Ọ̀gá wọn ní kó kúkú mú ti àtijọ́ lọ sílé pátápátá, pé kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀ tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣíná sí i.

Ṣùgbọ́n ó ń jò. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni ọ́ìlì ti ń kán lábẹ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Bàbá mi so agolo mílíìkì kan mọ́ abẹ́ ìjókòó. Bó bá dé ilé onílé, kó tó kí ẹnikẹ́ni, á tú agolo, á gbé e sábẹ́ ẹ́ńjìnnì. "Iná ni mo wá kà," á ní, "n ò wá ta ọ́ìlì."

Nílé tiwa, kì í gbé agolo kankan kalẹ̀. Á dá alùpùpù dúró gẹ́lẹ́ níwájú àtẹ̀gùn, á wọlé. Ojú kan náà ni ọ́ìlì ń kán sí lójoojúmọ́. Sìmẹ́ńtì ibẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò.

Bó bá di ìrọ̀lẹ́, Màámi á bẹ̀rẹ̀. "Ilé onílé lò ń gbé agolo sí, ilé tìrẹ lo sọ di ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì!"

Bàbá mi á rẹ́rìn-ín. "Ilé ni èèyàn ti ń bọ́ bàtà."

Ohun kan wà tí n ò fẹ́ràn lára rẹ̀. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Á gbé ọwọ́ sókè báyìí, á kọjá lára wa, á wọ yàrá lọ bá Màámi, á ti ìlẹ̀kùn. Bó bá jáde lẹ́yìn ìdajì wákàtí, ó ti di ẹlòmíràn, á máa pa wá lẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, mo gba ipò kejì nínú eré sísá. Wọ́n fún mi ní ife kékeré kan. Mo dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà láti ọ̀sán. Ó dé. Mo na ife sókè, mo ń pariwo. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó kọjá lára mi. Nígbà tó jáde, ó ní, "Olúsáré, kí lo fẹ́ fi hàn mí?" Mo ní kò sí nǹkan kan. N ò fi hàn án títí di òní.

Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ó ní inú ń run òun. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a sin ín.

Alùpùpù dúró síbi tó fi í sí. Mo ń ṣíná sí i láràárọ̀ kí ẹ́ńjìnnì má bàa dì. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Bí mo bá fi máa pa á, ọ́ìlì á ti kán. Màámi á gbé korobá àti búrọ́ọ̀ṣì jáde, á kúnlẹ̀, á máa fọ ilẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé kan, ó ju búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀.

"Gbọ́ mi. Mo fún ọ di ọjọ́ Àìkú. Bí ọ́ìlì yìí bá ṣì ń kán, máṣíìnì yìí ń lọ. Mo ti bá Bàbá Kékeré rẹ sọ ọ́. Ó mọ ẹnì kan tó ń ra irin."

"Irin kẹ̀, Màámi?"

"Kí ni? Wúrà ni?"

"Alùpùpù Bàbá ni."

"Mo mọ ẹni tó ni ín. Èmi ni mo fẹ́ ẹ."

Kò ṣeré. Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Bí ẹ bá ní kó wá lọ́jọ́ Àìkú, láti ọjọ́ Àbámẹ́ta lá ti máa wẹ̀.

Ohun tí bàbá mi fi sílẹ̀ ò pọ̀. Bàtà méjì. Rédíò kan tí kì í sọ̀rọ̀. Mo ti tú gbogbo ilé wò bóyá màá rí ibì kan tó kọ nǹkan sí. Lẹ́tà. Orúkọ mi lẹ́yìn fọ́tò. N ò rí ẹyọ kan. Alùpùpù yìí nìkan ló kù tó ń dún bí ìgbà tó ń bọ̀ wálé.

Èmi, táìlì ni mò ń lẹ̀. Èmi àti ilé ìwé ò bára wa dọ́rẹ̀ẹ́ pẹ́. N ò mọ nǹkan kan nípa ẹ́ńjìnnì ju kí n gùn ún lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń lẹ táìlì mọ nǹkan kan nípa jíjò. Ibi tó ń kán kọ́ ló ti ń jò. Omi lè wọ ara ògiri lókè, kó wá yọ nílẹ̀ ní yàrá kejì.

Ní Ọjọ́rú, táìlì tán níbi iṣẹ́, mo tètè dé. Mo fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ ẹ́ńjìnnì. Ìdọ̀tí ọgbọ̀n ọdún ń bó bí èèpo. Nígbà tó gbẹ, mo bu sìmẹ́ńtì funfun tí a fi ń dí ojú táìlì, mo fẹ́ ẹ sí i lára títí ó fi funfun bí ẹni tó ṣubú sínú ìyẹ̀fun. Mo ṣíná sí i. Mo kúnlẹ̀, mo ń wò ó.

Gbogbo wa la ti ń sọ pé bóòtù ìsàlẹ̀ ló ń jò. Bàbá mi náà sọ bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni. Ìlà dúdú tín-ín-rín kan yọ lábẹ́ ìdérí òkè pátápátá, lápá ọ̀tún. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì sọ̀kalẹ̀, ó dé ìsàlẹ̀, ó kán.

Mo pa á. Mo dúró kó tutù. Mo tú nọ́ọ̀tì mẹ́rin, mo gbé ìdérí.

Gásíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pe bébà líle tó máa ń wà láàárín irin méjì kí ọ́ìlì má bàa sá jáde. Wọ́n ń tà á. Ṣùgbọ́n èyí tó wà níbẹ̀, wọn ò rà á, ọwọ́ ló gé e. Mo fi àkísà nù ún. Mo rí nọ́ńbà.

Káàdì mítà ni. Káàdì líle tí ilé iṣẹ́ ń fún wọn láti kọ iye iná sí. Bàbá mi ti gé e yí ẹnu ẹ́ńjìnnì ká, ó lu ihò sí i fún bóòtù, ó tẹ́ ẹ síbẹ̀. Ọ́ìlì ti mu ún gbó, àmọ́ bírò búlúù ò parẹ́. Ilé kejìlá. Ilé kẹtàlá. Nọ́ńbà márùn-ún márùn-ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Gbogbo ibi tí wọ́n kọ nọ́ńbà 7 sí ló ní ìlà kékeré láàárín.

Lápá ọ̀tún, káàdì ti ya. Ibẹ̀ ló ti ń jò.

Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Kí n ha á kúrò, kí n fi tuntun sí i. Mo mú abẹ. Mo gbé e lé orí nọ́ńbà àkọ́kọ́. Ọwọ́ mi ò lọ.

Mo jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi kúrò lára ògiri. Lẹ́yìn náà mo dìde, mo lọ ra gọ́ọ̀mù ẹ́ńjìnnì, odindi túùbù kan. Mo lò ó bí mo ṣe ń lo gọ́ọ̀mù táìlì. Nídìí iṣẹ́ tiwa, ẹni tó bá ṣahun gọ́ọ̀mù, á tún padà wá ṣe é. O kùn ún dáadáa, o tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, èyí tó bá tú jáde, o nù ún. Mo kun abẹ́ káàdì, mo kun orí rẹ̀, mo da ìdérí bò ó, mo de nọ́ọ̀tì. Gọ́ọ̀mù tú jáde yí ká. Mo nù ún, ó mọ́ rekete. N ò rò ó pé ó tú sínú náà, níbi tí kò sí ọwọ́ tó máa nù ún.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo ṣíná sí i. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ilẹ̀ gbẹ. Màámi gbé korobá jáde, kò rí nǹkan fọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan ilẹ̀.

"O ṣe é?"

"Mo ṣe é."

"Ìwọ?"

"Èmi náà, Màámi."

Ó gbé korobá rẹ̀ wọlé. Láti inú ilé lọ́hùn-ún ló ti ní, "Wá mu tíì." Ó ti tó ìgbà mélòó kan tó ti sọ ọ́ gbẹ̀yìn.

Ọjọ́ Ẹtì ni mo gbé alùpùpù lọ síbi iṣẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó dún dáadáa títí mo fi kọjá ilé epo. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ kẹ-kẹ-kẹ lókè ẹ́ńjìnnì, bí ẹni tó ń fi ṣíbí lu àwo. Mo ní bóyá òkúta ni. Kẹ-kẹ-kẹ ń le sí i. Ooru ń jó mi lórúnkún. Mo pa á lójijì. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ń tì í.

Lẹ́yìn ilé epo yẹn, bàbá kan wà tó ń tún alùpùpù ṣe. Orúkọ rẹ̀ gan-an, n ò mọ̀. Ẹdákẹ́ná ni gbogbo ayé ń pè é, nítorí ohun tó máa ń sọ fún gbogbo èèyàn nìyẹn kó lè gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì. Wọ́n ní ìyàwó rẹ̀ gan-an, lọ́jọ́ ìgbéyàwó, bó ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ báyìí, ọkọ ní ẹ dákẹ́ ná. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò ju pákó mẹ́rin àti páànù. Ṣéènì so rọ̀ lára ògiri bí aṣọ. Rímù ọkọ̀ ló fi ṣe àga.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, alùpùpù yìí..."

"Dákẹ́ ná." Ó ń wo tànkì. "Máṣíìnì Bàbá Mítà rèé. Ìwọ lò ń tì í? Bàbá rẹ ò tì í rí o."

"Bàbá ti kú, sà."

"Mo gbọ́. Mo wà lẹ́yìn níbi ìsìnkú, o ò rí mi." Ó nu ọwọ́. "Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ṣíná sí i."

Mo ṣíná sí i. Ó dijú. Kò tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tó fi ju ọwọ́: pa á, pa á. Ó tú ìdérí kékeré kan lórí ẹ́ńjìnnì, ó ki ìka bọ̀ ọ́, ó fi ìka hàn mí.

"Kí lo rí?"

"N ò rí nǹkan kan. Ó mọ́."

"Ohun tó burú níbẹ̀ nìyẹn. Ó yẹ kí ọ́ìlì máa ta sí mi lójú níbí."

"Ṣùgbọ́n kò jò mọ́, Bàbá. Èmi ni mo dí i."

"Báwo ló ṣe fẹ́ jò? Korobá tí kò sí omi nínú rẹ̀, ṣé ó máa ń jò?" Ó wò mí. "Kí lo fi dí i?"

"Gọ́ọ̀mù."

"Bí mélòó?"

N ò fẹ́ sọ. "Odindi kan."

"Odindi túùbù!" Ó fọwọ́ lérí. "Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

"Mò ń lẹ táìlì."

"Abájọ! O ṣe é bíi bàlùwẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wú ikọ́. Lẹ́yìn náà ó fa àga súnmọ́ mi, ó fi sukudiráifà tọ́ka. "Wo ibí yìí. Ihò kan ti ìsàlẹ̀ wá, ó gba inú gásíkẹ́ẹ̀tì kọjá lọ sókè. Kò tóbi ju ojú abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán àpò lọ. Ibẹ̀ ni orí ẹ́ńjìnnì ti ń mu. O ti fi gọ́ọ̀mù dí i lọ́fun. Ká ní o gùn ún dé ibi iṣẹ́ rẹ, ẹni tó ń ra irin ni ò bá gbé e fún."

Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù kí n fọwọ́ ara mi pa á.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣí i."

"Rárá o. Ẹni tó bí ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Sípánà nìyẹn. Jókòó."

Mo tú nọ́ọ̀tì mẹ́rin lẹ́ẹ̀kejì. Ìdérí ò fẹ́ ṣí, gọ́ọ̀mù ti dì í mú. Nígbà tó ṣí, káàdì fà ya pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ di wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ọ̀kan ló tóbi díẹ̀, èyí tí ilé kẹtàlá wà lára rẹ̀. Mo mú un dání. N ò lè mú abẹ.

"Kí ló dé?" Ẹdákẹ́ná bi mí.

Mo sọ fún un. Ọwọ́ ìwé bàbá mi ni. N ò ní òmíràn.

Kò ní kí n dákẹ́. Ó wo bébà náà, ó wo ìta. "Ilé yín ò jìnnà. Máa mú un lọ fún ìyá rẹ kó rí i. Lẹ́yìn náà kó o padà wá ha èyí tó kù. Ẹ́ńjìnnì tí orí rẹ̀ ṣí kì í dúró de ìbànújẹ́ ẹnikẹ́ni."

Màámi ń lọ aṣọ ní yàrá nígbà tí mo wọlé. Mo na káàdì sí i.

"Kí lèyí? Ó ń rùn."

"Ẹ wò ó. Bàbá ló kọ ọ́. Inú ẹ́ńjìnnì ni mo ti rí i."

Ó gbé áyọ́ọ̀nù nàró. Ó wá ìgò ojú rẹ̀. Ó wo káàdì náà pẹ́. Mo ti ń múra láti rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Àfi bí èjìká rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n. Ẹ̀rín ni.

"Ta ló sọ fún ọ pé bàbá rẹ ló kọ èyí?"

"Káàdì iṣẹ́ wọn ṣáà ni."

"Káàdì iṣẹ́ wọn ni, ọwọ́ mi ni. Wo méje. Ta ló ń fi ìlà gé méje nínú ilé yìí?" Ó mú bírò, ó fa ọwọ́ mi, ó kọ méje sẹ́yìn rẹ̀. Ìlà kékeré náà wà láàárín.

Mo wo ẹ̀yìn ọwọ́ mi, mo tún wo káàdì.

"Bàbá rẹ ò mọ̀ ọ́n kọ," ó ní. "Ó mọ̀ ọ́n kà o. Kò sí nọ́ńbà tí ò lè kà. Ṣùgbọ́n tó bá mú bírò, ọwọ́ rẹ̀ á kọ̀. Á mú káàdì dání níwájú onílé, á máa fa bírò síhìn-ín sọ́hùn-ún lójú òfúrufú. Ogójì ilé lóòjọ́. Orí ló ń kó gbogbo rẹ̀ sí. Á rù ú bọ̀ wálé bí ẹni ru ẹyin. Bó bá ti wọ yàrá, á jókòó síbẹ̀ yẹn, á dijú, á máa pè é, èmi á máa kọ ọ́."

"Fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n?"

"Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ó dé láti ilé iṣẹ́, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní, wọ́n gbà mí, àmọ́ wọ́n ní kí n máa kọ ọ́. Mo ní èyí náà ni ọ̀rọ̀? Ìwọ gbé e wálé, èmi á kọ ọ́."

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ife kékeré yẹn ló wá sí mi lọ́kàn. Ọwọ́ tó gbé sókè.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?"

"Ó ní kí n má sọ. Ó ní bí ẹ bá mọ̀, ẹ̀yin náà á ní ẹ ò lọ sílé ìwé mọ́."

"Ṣebí èmi ò padà lọ náà."

"O rí i bí? Ká ní mo mọ̀, mi ò bá ti sọ ọ́."

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà mo bi í nípa agolo. Kí ló dé tí kì í fi gbé e sílẹ̀ nílé tiwa?

"Agolo kẹ̀? Orí rẹ̀ ti kún bó bá fi máa délé. Bó bá bẹ̀rẹ̀ láti tú agolo, ilé mẹ́ta á ti jábọ́."

"Ẹ mọ̀, ẹ tún wá ń bá a jà?"

"Ìyàwó rẹ̀ ni mí. Ta ló fẹ́ bá a jà, ọ̀gá rẹ̀?" Ó mú áyọ́ọ̀nù, ó tún gbé e sílẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Bí máṣíìnì yẹn bá ti dún lẹ́nu ọ̀nà, tí ọ́ìlì kán, bírò ni ọwọ́ mi ń wá. Ní báyìí, ò ń ṣíná sí i láràárọ̀. Ó ń dún. Ó ń kán. Kò sí ẹni tó wọlé wá pe nọ́ńbà. Ìdí tí mo fi ní kó lọ nìyẹn. Kì í ṣe ìwọ ni mò ń bá jà."

N ò mọ̀ pé mo ti ń dá ọgbẹ́ sí i lọ́kàn láràárọ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú, Màámi."

"Bínú sí kí ni? Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo rí i pé ìwọ náà ń wá a."

Mo ní ṣé kí n fi káàdì sílẹ̀ fún un.

"Kí n fi ṣe kí ni? Èyí tí mo ṣì kọ ni. Wò ó, mo kọ ilé kẹtàlá lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí n jù ú nù, èmi ò mọ̀ pé ó ti fi ṣe gásíkẹ́ẹ̀tì." Ó dá a padà sí mi lọ́wọ́. "Máa lọ. Bàbá Kékeré rẹ ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Èmi ò lè sọ fún un pé kó má wá mọ́. O mọ̀ ọ́n."

Mo padà lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, abẹ lọ. Mo ha káàdì, mo ha gọ́ọ̀mù, irin ìsàlẹ̀ àti irin òkè, títí ojú méjèèjì fi ń dán. Mo fi okùn wáyà tín-ín-rín tú ihò náà. Gọ́ọ̀mù jáde níbẹ̀ bí ekòló.

Ẹdákẹ́ná fún mi ní bébà gásíkẹ́ẹ̀tì. Kò jẹ́ kí n mú sísọ́ọ̀sì. Ó ní kí n tẹ́ bébà sórí irin, kí n mú òòlù olórí róbótó, kí n máa lù ú jẹ́jẹ́ létí. Etí irin fúnra rẹ̀ á gé e.

"Ihò ọ́ìlì ni kó o kọ́kọ́ lù. Lù ú bí ẹni kan ìlẹ̀kùn àna. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Mo ba ọ̀kan jẹ́. Mo ba èkejì jẹ́. Ẹ̀kẹta jókòó síbẹ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí.

"Gọ́ọ̀mù ńkọ́?" mo bi í.

Ó wò mí. Mo dákẹ́.

Mo de nọ́ọ̀tì mẹ́rin, mo ń gba igun dé igun, díẹ̀díẹ̀. A fi ìdérí kékeré sílẹ̀ ní ṣíṣí. Mo ṣíná sí i. Ìṣẹ́jú kan kọjá, n ò rí nǹkan. Ọ́ìlì gbígbóná bá ta sí mi lójú àti lára ṣẹ́ẹ̀tì.

"Ó ti kí ọ," Ẹdákẹ́ná ní. "Dá a lóhùn."

Ó tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì. Ó ní ìró kékeré kan máa kù níbẹ̀ láti ibi tó ti gbẹ yẹn, pé kò ní pa á, kò sì ní lọ.

Ní ọjọ́ Àìkú, a ò tíì bọ́ aṣọ àwọ̀sùn tán tí Bàbá Kékeré fi dé. Ọkùnrin kan tó sanra tẹ̀ lé e, ó ń fa ọmọlanke. Òun ló ń ra irin.

"Ìyàwó wa," Bàbá Kékeré ní, "mo mú un wá o. Ẹ ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ Àìkú nìyí."

"Ọkọ mi, ẹ káàbọ̀. Àmọ́ mo ní bó bá ń kán ni."

"Ṣé kò kán mọ́ ni?"

"Ọmọ yín ní òun ti tún un ṣe."

"Oní-táìlì?" Ó yíjú sí mi. "Ìwọ tó sọ pé o tún rédíò ṣe!"

"Ẹ jẹ́ ká ṣíná sí i, sà," mo ní. Ẹnu mi gbẹ.

Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kò gbà. Bàbá Kékeré wo ọmọlanke. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó dún. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró, a tẹjú mọ́ ilẹ̀ bí ẹni tí owó rẹ̀ bọ́. Oní-irin kúnlẹ̀, ó tẹ orí sábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó pẹ́ débi tí ẹsẹ̀ Bàbá Kékeré fi ń ro ó, ó ń pààrọ̀ rẹ̀. Mo rí Màámi. Kò wo ilẹ̀ mọ́. Ó dijú, ó ń gbọ́ ìró náà, ọwọ́ rẹ̀ dúró jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Oní-irin dìde. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ilẹ̀, ó na àtẹ́lẹwọ́ sí wa. Eruku ni.

"Màmá, èyí kì í ṣe irin," ó ní. "Alùpùpù ni."

"Ṣé ẹ gbọ́?" Màámi sọ fún Bàbá Kékeré. "Ẹni tó wá rà á ló sọ ọ́."

"Ìyàwó wa, kí ẹ wá jí mi láàárọ̀ ọjọ́ ìsinmi..."

"Ọkọ mi, ẹ má bínú. Tíì wà nílé. Bàbá oní-irin, ẹ̀yin náà, ẹ wọlé."

Mo pa á. Ojú ọ̀run ti ṣú lápá òkè ilé, atẹ́gùn ti ń gbá ewé kiri. Bàbá Kékeré ti wọlé, ó ń bèèrè ṣúgà. Mo fẹ́ wá táńpólì bo alùpùpù, nítorí ìta ló máa ń wà lójò lẹ́ẹ̀rùn.

"Kí lò ń wá?" Màámi bi mí láti ẹnu ọ̀nà.

"Táńpólì. Òjò ń bọ̀."

"Tì í wọlé."

Mo rò pé n ò gbọ́ dáadáa. Táìlì funfun ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, èmi ni mo fọwọ́ ara mi lẹ̀ ẹ́. Màámi kì í jẹ́ ká wọ bàtà gun orí rẹ̀.

"Inú ilé, Màámi?"

"Ìwọ ló ní kò jò. Àbí ó ń jò?"

"Kò jò, mà."

"Tì í wọlé nígbà náà, kí tíì tó tutù."

Mo gbé táyà iwájú gun àtẹ̀gùn. Ó wúwo. Màámi bọ́ síta, ó fọwọ́ méjèèjì ti ìjókòó lẹ́yìn, a jọ tì í wọlé.